IS300 tó wọ 2JZ-GTE: ṣé gíábọ́ọ̀sì ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ ni, àbí ọ̀nà epo?

ỌmọToyota_HTX (Houston)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lexus IS300 ọdún 2002 ni ọkọ̀ mi, mánúà ni, gíábọ́ọ̀sì W55 ló bá a wá. Ẹni tó ni ín ṣáájú mi ti yọ 2JZ-GE tó wà nínú rẹ̀ (ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò), ó sì gbé 2JZ-GTE, irú rẹ̀ tó ní tọ́bò, inú Toyota Aristo láti Japan wọ̀ ọ́. Tọ́bò méjì tó bá ẹ́ńjìnnì náà wá ti kúrò, tọ́bò ńlá kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀ báyìí. Lórí dyno (ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀) ó mú 450 hp lẹ́nu táyà pẹ̀lú boost (afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọ ẹ́ńjìnnì) 1.2 bar, bẹntiróòlù 93 lásán ni mo sì ń bù sí i. Nọ́súlù 750 cc mẹ́fà ló ń fọ́n epo, pọ́ǹpù Walbro 255 kan ló wà nínú táńkì.

650 hp lẹ́nu ẹ́ńjìnnì ni mo ń wá. Àmọ́ nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Gíà kẹta ti ń ké, gíà kejì náà sì máa ń ha kó tó wọlé bí mo bá yára já a. Lẹ́yìn ìyẹn, wideband mi (mítà tó ń wọn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo; bó bá gòkè, epo ti dín kù) máa ń wà ní 11.6 ní 5,000 rpm, ṣùgbọ́n kí n tó dé 6,800, á ti gòkè dé 12.9. Owó ọwọ́ mi kò lè ṣe méjèèjì pa pọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ dojú kọ?

GíàKẹfà (Èkó)

Gíábọ́ọ̀sì ni o, má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ́ńjìnnì 215 hp ni Toyota fi W55 yẹn sí nínú IS300, ìwọ wá gbé ìlọ́po méjì lé e lórí. Ohun tó ń ké yẹn, ó ń sọ fún ọ pé ó rẹ òun ni. Wá Getrag V160 tó wà nínú Supra tọ́bò, kí ọkàn rẹ balẹ̀.

ỌmọToyota_HTX (Houston)

Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo iye tí wọ́n ń ta V160. Ó ju owó tí mo fi ra odidi ọkọ̀ yìí lọ.

Bọ̀dáTọ́bò (Atlanta)

Àbúrò, kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí, lọ bá mi wo nǹkan méjì. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí o fi ọwọ́ tọ réèlì epo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Rọ́bà mélòó ló wọ̀ ọ́? Ṣé èyí tó ń gbé epo bọ̀ nìkan ni, àbí òmíràn wà tó ń dá epo padà sínú táńkì? Lẹ́yìn náà, wo inú lọ́ọ̀gì rẹ ní 6,500 sí 6,800 rpm, kí o sọ iye tí duty nọ́súlù (ìpín àsìkò tó fi ń ṣí sílẹ̀) jẹ́ fún wa.

ỌmọToyota_HTX (Houston)

Mo ti wò ó, ẹ̀gbọ́n. Rọ́bà kan ṣoṣo ló wọ réèlì. Ibi tó yẹ kí régúlétọ̀ GTE (ohun tó ń di agbára epo mú) jókòó sí, wọ́n fi nọ́ọ̀tì dí i pa. Duty wà ní 96% ní 6,700 rpm.

Bọ̀dáTọ́bò (Atlanta)

Ohun tí mo fura sí gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ irú èyí ló wà lójú títì tí ẹni tó ń wà á kò mọ̀.

IS300 tí wọ́n kó wá sí Amẹ́ríkà kì í dá epo padà láti iwájú. Inú táńkì ni régúlétọ̀ rẹ̀ wà, bíi 3 bar ló sì ń di epo mú sí, ì báà jẹ́ pé o dúró nínú gosílóò, ì báà jẹ́ pé o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Lára ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, kò sí wàhálà ńbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n epo tó ń jáde lẹ́nu nọ́súlù kò gbára lé 3 bar yẹn nìkan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín epo tó ń tì láti ẹ̀yìn àti afẹ́fẹ́ tó ń tì padà láti inú manifold (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) ló ń pinnu rẹ̀. Tí tọ́bò rẹ bá fi 1.2 bar sínú manifold, 3 yọ 1.2 ku 1.8. Iye epo náà sì ń tẹ̀ lé ròótì: 1.8 tí a bá fi 3 pín jẹ́ 0.6, ròótì rẹ̀ sì jẹ́ 0.775. Nọ́súlù 750 tí o rà ti di 581 cc níbi tí o ti nílò rẹ̀ jù lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ́ńjìnnì ń béèrè. 450 lẹ́nu táyà, tí a bá ní gíà àti dífù jẹ 15% nínú rẹ̀, á tó 530 lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tọ́bò tó ń mu bẹntiróòlù máa ń jẹ nǹkan bíi 0.6 páùn epo ní wákàtí kan fún hp kọ̀ọ̀kan. 530 lọ́nà 0.6 jẹ́ 318 páùn. Pín in fún nọ́súlù mẹ́fà, páùn 53 kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi 556 cc ní ìṣẹ́jú kan. 556 nínú 581 jẹ́ 96%. Lọ́ọ̀gì rẹ kò purọ́. Nọ́súlù wọ̀nyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ráyè pa ẹnu dé mọ́, ìdí sì nìyẹn tí wideband fi ń gòkè.

Nítorí náà, ọ̀nà epo ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Gíà tó fẹ́ fọ́ máa ń ké, tìrẹ ti ń ké báyìí, o sì ti gbọ́. Epo tí kò tó kì í ké. Inú sílíńdà á kàn máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, epo á bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná fúnra rẹ̀ kí iná tó yẹ kó jó o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, etí písítìnnì á sì fọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Tí gíábọ́ọ̀sì bá fọ́, a ó gbé òmíràn wọ̀ ọ́. Tí písítìnnì bá fọ́, ó lè ba ògiri sílíńdà jẹ́, kí irin rẹ̀ sì bá èéfín gba inú tọ́bò kọjá.

Ohun tó yẹ kí o ṣe: fa rọ́bà tuntun tó nípọn láti táńkì sí réèlì, -8 AN (AN ni ìwọ̀n fífẹ̀ rọ́bà) ti tó. Fa -6 AN padà sínú táńkì. Gbé régúlétọ̀ tuntun sí òpin réèlì, kí o so rọ́bà afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ manifold, kó lè jẹ́ pé bí boost bá ṣe ń gòkè ni epo náà ń gòkè, bar fún bar. Boost 1.2, epo 4.2. Boost 1.6, epo 4.6. Nọ́súlù á máa rí 3 bar rẹ̀ nígbà gbogbo.

Fún 650 hp, ìṣírò kan náà ni: 390 páùn, 65 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi 683 cc. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí duty kọjá 85%, nítorí náà wá nọ́súlù tó ju 800 cc lọ (683 tí a fi 0.85 pín jẹ́ 803). 1050 á dára lórí bẹntiróòlù. Pọ́ǹpù ńkọ́? 390 páùn epo tó bíi lítà 237 ní wákàtí kan. Má wo 255 tí wọ́n fi ń pe Walbro yẹn, bíi 40 psi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí o bá ní kó ti epo ní 4.6 bar, kò ní bá ọ dé ibẹ̀. Walbro 450 ni kí o rà.

Ohun kan tó kù tí àwọn èèyàn máa ń fò: sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára epo nínú réèlì. So ó mọ́ bréènì-bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì), kí o sì kọ ọ́ sínú máàpù (ètò inú rẹ̀) pé bí epo bá fi bí 0.5 bar kéré sí ohun tó yẹ kó jẹ́ nígbà tí boost wà, kó pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Kó tó hàn lójú wideband pé epo ò tó, ó ti pẹ́ díẹ̀.

Àbíkẹ́_Evo (Birmingham, England)

Ẹ kú àlàyé, Bọ̀dá. Lórí epo, mo fara mọ́ yín pátápátá. Àmọ́ n kò gbà pé kí gíà kàn jókòó kó máa dúró dè wá. Gíábọ́ọ̀sì tó ti ń ké lè há lójijì, bó bá há, táyà ẹ̀yìn náà á há. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ìyẹn lè gba ẹ̀mí. Torí náà, kó tó rí owó gíà, ó ní ohun tó yẹ kó ṣe sí máàpù.

Mo fẹ́ kí gbogbo wa dẹ́kun sísọ pé gíà kan gba iye hp báyìí báyìí. Hp kọ́ ló ń fọ́ gíà. Torque, ìyẹn agbára tó ń yí ṣáàfù, ló ń fọ́ ọ. Ẹ fi torque lọ́nà rpm, kí ẹ fi 5,252 pín in, hp nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń mú 488 lb-ft ní 7,000 rpm ń mú 650 hp. Ọkọ̀ tó ń mú 600 lb-ft ní 4,000 rpm, 457 hp péré ló ní níbẹ̀. Èkejì yìí, tí ẹnikẹ́ni kò ní pàtẹ́wọ́ fún, òun ló máa kọ́kọ́ kán eyín gíà.

Mo ti tú gíábọ́ọ̀sì tó kú báyìí, mo sì rí bó ṣe ń rí. Eyín gíà kì í kàn ti ara wọn yípo nìkan, wọ́n tún ń ti ara wọn sọ́tọ̀. Ṣáàfù òkè fẹ́ lọ sókè, ti ìsàlẹ̀ fẹ́ lọ sísàlẹ̀, bíárìn àti ilé gíà ló sì ń dì wọ́n mú. Bí ilé gíà bá kéré, á ṣí díẹ̀, ìwọ̀n tí ojú kò lè rí. Nígbà náà, dípò kí gbogbo ojú eyín kan ara wọn, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló kù tó ń gbé ẹrù. Tí ẹ bá yẹ eyín tó kán wò, ẹ ó rí i pé ibi tó ti ń dán kò ju etí òkè lọ. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, àbúrò, ní kí ẹni tó ń ṣe máàpù fún ọ pín boost ní gíà-gíà. Ní gíà kìíní àti ìkejì, kí boost má kọjá ohun tí sípíríǹgì wastegate (fáàfù tó ń dí boost lọ́wọ́ kó má pọ̀ jù) fún un. Ní ìkẹta àti ìkẹrin, kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kó má pé títí á fi kọjá 5,000 rpm. O ò ní pàdánù hp òkè yẹn, W55 á sì rí ìsinmi díẹ̀. Bí igbe gíà kẹta bá sì ń pọ̀ sí i, má gbé e jáde mọ́.

Nígbà tó bá wá kan gíà tuntun, mẹ́ta ni màá sọ̀rọ̀ lé. R154 ti wà nínú Supra àtijọ́ tó ní 7M-GTE àti àwọn Toyota 1JZ. Ó dára ju W55 lọ jìnnà, àmọ́ fún 650 n kò ní rà á. CD009 láti inú Nissan 350Z lágbára, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń gbé e sẹ́yìn 2JZ. Kí o ṣáà rí i dájú pé CD009 ni lóòótọ́, nítorí synchro (ohun tó ń mú kí gíà wọlé láìha) àwọn tó ṣáájú rẹ̀ máa ń yára jẹ. Bellhousing rẹ̀ (ilé tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ẹ́ńjìnnì) jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ara gíábọ́ọ̀sì, torí náà ọ̀pọ̀ adapter (irin tó ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì míràn) ló jẹ́ pé o ní láti gé e kúrò kí o tó de tuntun mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta ni T56 Magnum tí Tremec ń ṣe, 700 lb-ft ni àwọn fúnra wọn kọ pé ó lè gbé.

Wo nọ́ńbà gíà wọn. Gíà kìíní CD009 jẹ́ 3.794, ti Magnum 2.66. Bí dífù rẹ bá jẹ́ 3.73, àkọ́kọ́ á fún ọ ní 14.15, èkejì 9.92. Pẹ̀lú torque tí o ń wá, 14.15 á kàn máa fi táyà jóná lásán ni, gíà kìíní á sì ti parí kí o tó mí. Gíà kẹfà ńkọ́? 0.794 sí 0.63. Bí o bá ń lọ ní 110 km/h lójú márosẹ̀ Texas, ìyàtọ̀ rẹ̀ á tó 500 rpm sí 600. Magnum ni mo fọwọ́ sí, bó tilẹ̀ wọ́n.

GíàKẹfà (Èkó)

Mo gbọ́ yín, àǹtí. Ọ̀rọ̀ epo yẹn ti yé mi, mo gbà pé òun ló ṣáájú. Nílé níbí, Infiniti àti Nissan tó ní VQ35 (ẹ́ńjìnnì inú 350Z) kò wọ́n ní Ládípọ̀, àmọ́ ọ̀tọ̀mátíìkì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ CD009 ní láti fúnra rẹ̀ bèèrè fún un láti òkè òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ZF 8HP, gíábọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀mátíìkì inú BMW ńkọ́? Mo ń rí i lẹ́yìn 2JZ báyìí.

Àbíkẹ́_Evo (Birmingham, England)

Gíábọ́ọ̀sì tó dára púpọ̀ ni, ó sì ń yí gíà kíákíá ju ọwọ́ èèyàn lọ. Àmọ́ ó nílò bréènì-bọ́ọ̀sì tirẹ̀ tó ń bá ti ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, mánúà sì ni ẹni tó ni ọkọ̀ yìí fẹ́.

Rewire_Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi tó kàn mí. Gbogbo wa ti sọ̀rọ̀ lórí pọ́ǹpù, kò sẹ́ni tó dárúkọ wáyà tó ń gbé iná lọ bá a.

Wáyà tí ọkọ̀ yìí bá wá, pọ́ǹpù kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Walbro 450 lè fa ju ampere 15 lọ nígbà tí agbára epo bá gòkè. Tí o bá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gbé e, iná á máa ṣòfò lójú ọ̀nà, wáyà á gbóná, pọ́ǹpù á sì gba ohun tó kù. Pọ́ǹpù tí wọ́n wọ̀n ní fóòtì 13.5, bí o bá fún un ní 11.8, kì í ṣe pọ́ǹpù tí o rà mọ́.

Má fojú díwọ̀n rẹ̀. Gbé mítà, kì í ṣe sára bátìrì, sẹ́nu plọ́ọ̀gì pọ́ǹpù gan-an ni, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí pọ́ǹpù sì máa ti epo. Wo iye fóòtì tó wà níbẹ̀, kí o tún wo ti bátìrì. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá ju ààbọ̀ fóòtì lọ, wáyà rẹ kò tó, tàbí kí áàtì rẹ̀ má mú dáadáa. Áàtì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù.

Fa wáyà 10 gauge tààrà láti bátìrì lọ sẹ́yìn, fi fíúsì 30 sí i nítòsí bátìrì, kí o gbé rílè sí búùtù. Wáyà àtijọ́ tó ń gbé iná lọ sí pọ́ǹpù tẹ́lẹ̀ ni kí o fi máa jí rílè yẹn. Má so rílè mọ́ ìtanná kọ́kọ́rọ́ lásán. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì kú, bréènì-bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lè pa pọ́ǹpù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ epo á máa tú jáde sórí irin gbígbóná. Wáyà inú táńkì náà, èyí tí wọ́n ṣe fún inú epo ni kí o lò. Ike ara wáyà lásán á rọ̀, á sì bó sílẹ̀.

SampaTurbo (São Paulo)

Ẹ ǹlẹ́ o láti Brazil. Ó yà mí lẹ́nu pé a ti dé ibí yìí láìdárúkọ ethanol (ọtí tí ọkọ̀ ń mu bí epo). Láti 1975 ni ìjọba ibí ti bẹ̀rẹ̀ ètò Proálcool, tí wọ́n ń fi ìrèké ṣe epo ọkọ̀. Láti 2003 sì ni ọkọ̀ tó ń mu bẹntiróòlù àti ethanol pọ̀ ti wà lójà. Àwọn tó ń sáré pẹ̀lú tọ́bò níbí, ethanol ni wọ́n ń mu, kò sì sí ohun tó dà bí i lórí boost. Ó ń mú inú sílíńdà tutù, kì í sì í tètè gbiná fúnra rẹ̀.

Àbúrò, bí E85 (ethanol tí a pò mọ́ bẹntiróòlù) bá wà nítòsí rẹ ní Texas, ṣètò ọ̀nà epo rẹ fún un báyìí, kí o má ba à ra nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Bẹntiróòlù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 kó tó jó tán, E85 ń fẹ́ bíi 9.8. Ní ti bí epo ṣe pọ̀ tó nínú rọ́bà, fi 35% kún gbogbo ìṣírò Bọ̀dá: nọ́súlù 803 di bíi 1,084, pọ́ǹpù lítà 237 di bíi 320. Torí náà 1050 kò ní fún ọ láyè mọ́. 1300 ni kí o rà.

Nǹkan méjì tún wà. E85 tí ẹ ń rà ní Amẹ́ríkà kì í ṣe 85 nígbà gbogbo, òfin gbà kó wà láàárín 51% sí 83%, ó sì ń yí padà pẹ̀lú àsìkò. Fi sẹ́ńsọ̀ ethanol sí ojú ọ̀nà epo, kí máàpù máa bá a yí. Èkejì ni rọ́bà. PTFE (ike Teflon) ni kí o fi ṣe gbogbo rẹ̀. Rọ́bà dúdú lásán, ethanol á jẹ ẹ́ láti inú, àjẹkù rẹ̀ á sì lọ dí fílítà nọ́súlù. Ó sì ń fa omi mọ́ra, torí náà má fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ nínú táńkì.

ỌmọToyota_HTX (Houston)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Mo ti ṣe ọ̀nà epo, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe là á sílẹ̀. PTFE -8 lọ, -6 padà, régúlétọ̀ lórí réèlì, nọ́súlù 1300, Walbro 450, sẹ́ńsọ̀ epo àti ti ethanol. Ẹ̀gbọ́n Rewire, mo gbé mítà sẹ́nu plọ́ọ̀gì kí n tó tú ohunkóhun: 11.6 ni mo bá níbẹ̀ nígbà tí bátìrì wà ní 14. Lẹ́yìn wáyà tuntun, 13.5.

Mo ṣì wà lórí bẹntiróòlù àti boost 1.2 bar. Epo nínú réèlì dúró sí 4.2 bar, kò mì. Wideband bẹ̀rẹ̀ ní 11.5, ó sì wà ní 11.5 títí dé 7,000 rpm. Duty kò ju 43% lọ. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti yàtọ̀ lókè, kì í fà sẹ́yìn mọ́. A ti pín boost ní gíà-gíà, gíà kẹta ṣì ń ké, ṣùgbọ́n kò burú ju bó ṣe wà lọ, mo sì ti ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà á.

Mo ti sanwó T56 Magnum àti kílọ́ọ̀ṣì oníplátì méjì. Títí á fi wọlé, n kò ní fi kún boost. Ṣé ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún nígbà tí a bá ń gbé e wọ̀ ọ́?

Bọ̀dáTọ́bò (Atlanta)

Inú mi dùn gan-an sí nọ́ńbà wọ̀nyẹn, àbúrò. Ní ti epo, máa pààrọ̀ fílítà rẹ̀ kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, torí ethanol á fọ gbogbo ìdọ̀tí àtijọ́ inú táńkì jáde ní kété tí o bá kọ́kọ́ bù ú. Ọ̀rọ̀ gíà di ọwọ́ Àbíkẹ́.

Àbíkẹ́_Evo (Birmingham, England)

O ṣeun tí o kò fi kún boost. Ohun àkọ́kọ́ ni bellhousing. Má gbàgbọ́ pé nítorí pé ó jẹ́ tuntun, ó ti wà láàárín gbùngbùn. De bellhousing nìkan mọ́ ẹ́ńjìnnì, láìsí gíábọ́ọ̀sì. So dial indicator (mítà tó ń wọn ìyàtọ̀ kékeré) mọ́ fúláìwíìlì, kí ẹnu rẹ̀ kan etí ihò tí gíábọ́ọ̀sì máa wọ̀, kí o wá fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì po ní kíkún. Tremec kò fẹ́ kó ju 0.005 íǹṣì lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, pín-ìnì tí àárín rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan wà tí wọ́n ń lò láti fi tì í sí àárín. Gíábọ́ọ̀sì tí kò jókòó sí àárín á máa jẹ bíárìn iwájú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, gíà á sì máa le láti wọlé, àwọn èèyàn á máa dá kílọ́ọ̀ṣì lẹ́bi.

Pọ̀pẹ́là tuntun ni wàá ṣe, gígùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Wọn igun rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí táyà, kì í ṣe lórí jáàkì. Kí méjèèjì dọ́gba, kí wọ́n má sì ju dígíríì mẹ́ta lọ.

Epo gíà: ATF (epo gíábọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀mátíìkì) irú Dexron III ni Magnum ń mu. Má bu 75W-90 sí i nítorí pé ó ṣẹ́kù ní gáréèjì.

Nígbà tí o bá ti wọn bellhousing yẹn, gbé nọ́ńbà tí o rí wá síbí kí o tó gbé gíábọ́ọ̀sì sókè.